Ta Ló Rán Wọn Níṣẹ́? Ìyàtọ̀ Tó Wà Láàárín Àwọn Agbófinró Tí À Ń Bá Pàdé Ní Òṣogbo

Ẹni tó bá jáde nílé láàárọ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, tó sì forí lé Òkè-Fíà, lè rí oríṣiríṣi agbófinró kí ó tó dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá yóò wà níbì kan tí ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Òṣìṣẹ́ ìdarí ọkọ̀ yóò wà ní oríta Ọláìyá tí ó ń nawọ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yóò wà lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Ọkọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣe àyẹ̀wò ìmọ́tótó, wolé-wolé lè ti kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Gbogbo wọn ló wọ aṣọ iṣẹ́, gbogbo wọn ló sì lè dá ènìyàn dúró, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ̀rù kan náà la fi ń wò wọ́n.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ipò yìí, ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń gbé wá bá mi jù kì í ṣe ti owó àdúgbò tàbí ti gọ́tà. Èyí tí mo ń gbọ́ jù ni, “Akọ̀wé, ta ni ká pè?” Olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ta ni ká pè? Ayálégbé kò san owó ilé, ta ni ká pè? Wọ́n gé wáyà ẹ̀rọ iná mànàmáná, ta ni ká pè? Màálù jẹ oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ìlú, ta ni ká pè? Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí a kọ́kọ́ mọ nǹkan méjì nípa agbófinró kọ̀ọ̀kan: òfin wo ló rán an níṣẹ́, ta ló sì gbọ́dọ̀ fa ẹni tó bá mú lé lọ́wọ́. Bí a bá ti mọ méjèèjì, ìyókù kò ní ṣòro.

Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù máa ń já sí. Abala 214 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dá òmíràn sílẹ̀. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá tó wà ní Òṣogbo ń mójú tó, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní Àbújá ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Gómìnà lè pàṣẹ fún un lórí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú, ṣùgbọ́n abala 215 fún kọmíṣọ́nnà láàyè láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àṣẹ náà dé iwájú Ààrẹ, tàbí mínísítà tí Ààrẹ bá yàn sí i. À ń pe gómìnà ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀, ó sì ń ra ọkọ̀ àti epo fún ọlọ́pàá lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ ẹni tó lè gbé kọmíṣọ́nnà kúrò ní Ọ̀ṣun lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn kò sí ní ilé ìjọba tó wà ní Òkè-Fíà. Mo rò pé bí àwọn ará ìlú bá mọ èyí dájú, wọn yóò mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bi ní ìbéèrè nígbà tí nǹkan bá dàrú.

Iṣẹ́ ọlọ́pàá gbòòrò ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Olè, ìjà, ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, gbájúẹ̀, ènìyàn tó sọnù: tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Òun ló lè ṣe ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun náà ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn lọ síwájú májísíréètì. Nítorí pé agbára rẹ̀ pọ̀, òfin fi odi yí i ká. Abala 35 nínú ìwé òfin kan náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gba ìwé tó sọ ìdí tí wọ́n fi mú un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e, ó sì lè dákẹ́ láìdáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn sọ̀rọ̀. Bí ilé ẹjọ́ tó láṣẹ lórí ẹ̀sùn náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀, àfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Àwọn ilé ẹjọ́ májísíréètì àti ilé ẹjọ́ gíga wà nínú Òṣogbo níhìn-ín. Kò sí àgọ́ ọlọ́pàá kan nínú ìlú yìí tó lè sọ pé ọ̀nà ló jìn. Béèlì náà kì í ṣe ọjà títà, bí wọ́n tilẹ̀ ti lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ògiri àgọ́ tí ọ̀pọ̀ sì ń kà á kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó lọ́wọ́ yín, DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, ni ẹ kọ́kọ́ bá. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kọjá DPO, ẹ kọ ìwé sí kọmíṣọ́nnà. Àǹfààní kan tún wà fún àwa ará Òṣogbo tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní, nítorí pé níbí ni olú iléeṣẹ́ ẹkùn kọkànlá àwọn ọlọ́pàá wà, lábẹ́ AIG tó ga ju kọmíṣọ́nnà lọ. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ̀sùn kàn lè kọ̀wé sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ará ìlú, ìyẹn Public Complaints Commission, tí ó ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, tí kì í sì í gba owó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gbèsè àti owó ilé, nítorí pé òun ló ń da àárín aládùúgbò rú jù lọ. Ìyá kan tó yá ẹnìkejì rẹ̀ lówó ọjà ní Ìgbọ̀nà, tí ẹnìkejì sì fi ọ̀la dá a lọ́la, àgọ́ ọlọ́pàá ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Ìdí rẹ̀ yé mi. Ẹ̀rù ọlọ́pàá máa ń mú kí owó jáde kíákíá, ilé ẹjọ́ sì ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò rán ọlọ́pàá níṣẹ́ yẹn. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn, tàbí nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀daràn. Òfin kan náà sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Èyí túmọ̀ sí pé wọn kò lè mú ìyàwó torí gbèsè ọkọ, wọn kò sì lè gbé ìyá arúgbó jókòó sí àgọ́ kí ọmọ rẹ̀ tó sá lọ lè yọjú. Mo ti rí èyí méjèèjì, ó sì dùn mí púpọ̀, nítorí pé ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ló jókòó sórí bẹ́ńṣì tí ojú ń tì.

Ẹni tí òfin rán níṣẹ́ gbèsè ni bélífù kóòtù, ẹni tí a kì í sábà kà mọ́ agbófinró rárá. Bélífù kì í wọ aṣọ tó ń bani lẹ́rù, kì í sì í gbé ìbọn. Ìwé ni agbára rẹ̀. Òun ló ń mú ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́. Nígbà tí adájọ́ bá sì ti dá ẹjọ́, òun ló ń gbé ìwé àṣẹ wá láti kó ẹrù ẹni tó jẹ gbèsè, tàbí láti mú ayálégbé jáde kúrò nínú ilé. Ọlọ́pàá lè tẹ̀ lé e kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bélífù ni ó ni iṣẹ́ náà. Nítorí náà, onílé tó bá yọ ilẹ̀kùn ayálégbé tàbí tó yọ páànù orí ilé láìsí ìdájọ́, bó bá tilẹ̀ mú ọlọ́pàá dání, kò tíì bá òfin lọ. A ti fi èyí sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, inú mi sì dùn pé àwọn bàbá tó ti ń kọ́ ilé láti ìgbà pípẹ́ ló kọ́kọ́ gbà á wọlé.

Ní ti wáyà tí wọ́n gé, àwọn Sífù Dìfẹ́ǹsì ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọlọ́pàá kékeré ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìtàn wọn yàtọ̀ pátápátá. Ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, nígbà ogun abẹ́lé, láti kọ́ ará ìlú bí wọn yóò ṣe dáàbò bo ara wọn bí ọ̀tá bá kọlù wọ́n láti òfurufú. Ó di ọdún 2003 kí òfin tó sọ wọ́n di àjọ ìjọba àpapọ̀ ní kíkún, wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní 2007. Abẹ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni wọ́n wà, wọn kò sí lábẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Iṣẹ́ tó jẹ́ tiwọn gan-an ni ṣíṣọ́ ohun ìní ìlú: òpó iná, ẹ̀rọ tíráńsífọ́mà, páìpù epo, ọ̀nà ojú irin àti àwọn ohun mìíràn tí ìjọba kọ́ fún gbogbo wa. Wọ́n lè mú ènìyàn, wọ́n lè ṣe ìwádìí, wọ́n sì lè gbé afurasí lọ sílé ẹjọ́ lórí iṣẹ́ tiwọn. Àwọn náà ló ń fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba mẹ́gààdì sí báńkì àti ilé ìtajà ní ìwé àṣẹ. Ó yẹ kí a mọ̀ pé irú mẹ́gààdì bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ jọ ti ológun tó, kò ní àṣẹ láti gbé ìbọn.

Ojú títì ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Awakọ̀ kan lè rin ọ̀nà Òṣogbo sí Ìkìrun kí ó sì bá oríṣi ẹni mẹ́rin pàdé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń béèrè ìwé. Ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ìyẹn FRSC tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Ìtàn rẹ̀ sì tan mọ́ ilẹ̀ wa níhìn-ín ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti mọ̀ lọ. Ní 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni òpómúléró rẹ̀. Òṣogbo wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé FRSC kalẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1988, Ṣóyínká kan náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Eré àsápajúdé, ẹrù tó pọ̀ jù, bẹ́líìtì ìjókòó, ìwé ìwakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ ni iṣẹ́ wọn, àti gbígbé àwọn tó fara pa nínú ìjàm̀bá lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹ bá lùfin, ìwé ni wọn yóò kọ fún yín, ẹ ó sì san owó ìtanràn náà fún ìjọba ní ọ̀nà tí ìwé náà là sílẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ka owó sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kankan. Nọ́ńbà tí ẹ lè pè wọ́n sí nígbà ìjàm̀bá ni 122, kò sì ní gba owó lórí fóònù yín.

Àwọn VIO ní tiwọn, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n. Ara ọkọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò: ṣé bíréèkì ń ṣiṣẹ́, ṣé iná iwájú ń tàn, ṣé táyà kò tíì jẹ tán, ṣé ìwé tó fi hàn pé ọkọ̀ náà yẹ lójú pópó kò tíì kọjá ọjọ́. Òṣìṣẹ́ tó wọ ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè tí a ń pè ní yẹ́lò fífà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ti rò. Abẹ́ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ló wà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò kọjá ìdarí ọkọ̀ àti ohun tó jẹ mọ́ òfin ìrìnnà. Kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti wá ilé tàbí láti tú àpò ènìyàn. Ẹni kẹrin ni ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, tó lè dá ọkọ̀ dúró nítorí pé ó ń wá ohun ìjà tàbí ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé.

Ọ̀rọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ló sún mọ́ ọkàn mi jù lọ, nítorí pé ìlú fúnra rẹ̀ ló béèrè fún un. Ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí i ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí ìjínigbé àti ìkọlù lójú ọ̀nà àti nínú oko ti pọ̀ débi pé àgbẹ̀ ń bẹ̀rù oko tirẹ̀. Láìpẹ́, Abubakar Malami, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, sọ pé kò bófin mu. Ariwo sọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n jókòó ọ̀rọ̀ pẹ̀lú igbákejì Ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, wọ́n gbà pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀. Nínú ọdún 2020 kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe tiwa, Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá sì fọwọ́ sí i. Òfin yẹn ló rán Àmọ̀tẹ́kùn níṣẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló gbà á síṣẹ́, ìpínlẹ̀ ló ń san owó oṣù rẹ̀, àṣẹ rẹ̀ láti ọwọ́ òfin yẹn sì parí sí ibi tí ilẹ̀ Ọ̀ṣun parí sí.

Ohun tó mú kí Àmọ̀tẹ́kùn yàtọ̀ ni pé ọmọ ilẹ̀ ni. Ó mọ ọ̀nà igbó tó já sí Ìlọbùú, ó mọ ibi tí odò ṣeé là kọjá, ó sì gbọ́ ohun tí àgbẹ̀ ń sọ láìsí ògbufọ̀. Ọlọ́pàá tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà jíjìn lè jẹ́ akíkanjú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó mọ ohun tí ọmọ ọdẹ ti mọ̀ láti kékeré. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ní oko pé, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti inú igbó tàbí ti màálù tó jẹ oko, kí wọ́n pe Àmọ̀tẹ́kùn kí wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí pẹ̀lú. Mo tẹnu mọ́ gbólóhùn kejì yẹn. Àmọ̀tẹ́kùn kì í ṣe ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Ó lè mú afurasí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọlọ́pàá ló gbọ́dọ̀ fà á lé. Kò lè dá ẹjọ́, kò lè gba owó ìtanràn, kò lè bá ẹnikẹ́ni gba gbèsè, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ lọ bá a. Ìbọn tó lè gbé náà ní òṣùwọ̀n lábẹ́ òfin ohun ìjà ilẹ̀ wa. Bí àwa fúnra wa bá ń fi iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ̀ ọ́, àwa ni à ń bà á jẹ́, a ó sì tún máa yà wá lẹ́nu nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí adájọ́.

Kí Àmọ̀tẹ́kùn tó dé ni àwọn ọdẹ ti wà. Ìtàn ìlú yìí kò ṣeé sọ láìdárúkọ ọdẹ, nítorí pé Ọlọ́dẹ Tìmẹ́hìn ló bá Láròóyè tẹ Òṣogbo dó létí odò Ọ̀ṣun. Títí di òní, àdúgbò púpọ̀ ló ń dá owó ọdẹ lóṣooṣù, tí bàbá ọdẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń yí òpópónà ká lóru, tí wọ́n ń fọn fèrè kí olè lè mọ̀ pé ojú wà nílẹ̀. Wọ́n ṣe pàtàkì gan-an, ṣùgbọ́n lójú òfin, agbára tí ọdẹ tàbí fíjílàǹtì ní láti mú ènìyàn kò ju èyí tí gbogbo ará ìlú ní lọ: ẹni tó bá ká olè mọ́ ibi tó ti ń jalè lè dì í mú, kí ó sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara. Lílù tàbí dídáná sun afurasí jẹ́ ìwà ọ̀daràn lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe é. Ìbọn ṣakabùlà pàápàá ní ìwé àṣẹ tí òfin béèrè. Gbogbo ọdẹ tí à ń gbà ní àdúgbò wa ni a ti kọ orúkọ wọn fún àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ wa, mo sì gba ẹgbẹ́ onílé gbogbo níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọlọ́pàá tó bá pàdé wọn lóru má baà ṣì wọ́n mọ̀.

Wolé-wolé kò yẹ ní ẹni à ń fojú tín-ín-rín. Òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ni, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti wà láti ayé àwọn òyìnbó. Ó lè wọ àgbàlá láti wo ṣáláńgá, kànga àti ibi ìdáná ilé oúnjẹ. Ó lè fún onílé ní ìwé ìkìlọ̀ pẹ̀lú gbèdéke ọjọ́. Bí onílé kò bá sì ṣàtúnṣe, ó lè pè é lẹ́jọ́. Kò lè ti ènìyàn mọ́lé, kò sì yẹ kí ó gba owó tí kò ní rìsíìtì. Nínú gbogbo agbófinró tí mo kà sílẹ̀ yìí, mo gbàgbọ́ pé òun ló ń gba ẹ̀mí jù láìsí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kọ́lẹ́rà kì í jẹ́ kí a mọ iye ẹni tí kò pa.

Àwọn kan wà tí a kì í sábà bá pàdé ní àdúgbò, n kò sì ní pẹ́ lórí wọn: àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS tó ń ṣọ́ ààbò orílẹ̀-èdè, NDLEA tó ń gbógun ti òògùn olóró, EFCC tó ń wádìí jìbìtì owó, àti àwọn wọ́dà tó ń ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà. Ìjọba àpapọ̀ ló rán gbogbo wọn.

Ibi tí a ti lè rí ìyàtọ̀ wọn dáadáa ni ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ. Láti ìgbà tí UNESCO ti fi igbó Ọ̀ṣun sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, èrò tó ń wá ti di tilé toko tòkèèrè. Ní ọjọ́ tí Arugbá bá gbé igbá láti ààfin Àtáọ́ja lọ sí ojúbọ, ọlọ́pàá ló ń dí ẹgbẹ́ ọ̀nà tí ó sì ń mú jáwójáwó. Sífù Dìfẹ́ǹsì ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń darí ọkọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn ọdẹ sì máa ń wà nítòsí igbó. Lẹ́bàá Arugbá gan-an, àwọn ọmọ ìlú tí àṣà gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ló yí i ká, tí kì í ṣe ìjọba kankan ló rán wọn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò yóò rí i pé kì í ṣe pípọ̀ wọn ló ń mú kí ọjọ́ náà lọ geere. Olúkúlùkù ló mọ ààlà tirẹ̀ ṣáájú, ẹnì kan sì wà tí gbogbo wọn ń jábọ̀ fún ní ọjọ́ yẹn.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Texas máa ń bi mí pé kí ló dé tí a kò lè ṣe bíi tiwọn. Lọ́dọ̀ wọn, ìlú ńlá kọ̀ọ̀kan ní ọlọ́pàá tirẹ̀, olórí ìlú ló sì ń yan ọ̀gá wọn ní ibi bíi Houston. Ìjọba àgbègbè tó yí ìlú ká sì ní ṣẹ́rífù, tí ará ìlú ń dìbò yàn lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin, tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àgbègbè náà sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ṣẹ́rífù bá ṣe àìdáa sí mọ ìgbà tí yóò fi ìbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ètò tiwa yàtọ̀, kò sì ṣàdéédéé rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá ní ọlọ́pàá ìbílẹ̀ rí, àwọn tí a ń pè ní akódà, lábẹ́ ọba àti ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Nígbà ìjà òṣèlú ìwọ̀ oòrùn kí ológun tó gba ìjọba ní 1966, àwọn olóṣèlú lo ọlọ́pàá ìbílẹ̀ láti fi da àwọn alátakò láàmú, láti fi tú ìpàdé ká, láti fi ti ènìyàn mọ́lé lórí ìbò. Àwọn ológun tú wọn ká, wọ́n sì kó ìyókù wọn pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá àpapọ̀. Àwọn bàbá wa tó rí ìgbà yẹn kò tíì kú tán, ẹ bi wọ́n.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ti tún dé. Kí ó tó lè ṣeé ṣe, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní ilé méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, nínú 36. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, nítorí pé mo ti rí ohun tí ẹni tó mọ ilẹ̀ lè ṣe. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ní Ọ̀ṣun ti máa kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Àkọ́kọ́ ni pé gómìnà nìkan kò gbọ́dọ̀ lè yan ọ̀gá ọlọ́pàá náà tàbí kí ó lé e. Èkejì ni pé kí òfin yà á sọ́tọ̀ kedere, ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ ọlọ́pàá àpapọ̀, ìwọ̀nyí ni ti ìpínlẹ̀, ìwọ̀nyí ni ti Àmọ̀tẹ́kùn, kí ará ìlú má baà tún bọ́ sínú ìdàrúdàpọ̀ tuntun. Ẹ̀kẹta ni pé kí ìgbìmọ̀ kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ìyálọ́jà, àwọn ọ̀dọ́, àwọn agbẹjọ́rò àti ẹgbẹ́ onílé wà nínú rẹ̀, tó lè gbọ́ ẹ̀sùn lórí agbófinró ní èdè Yorùbá, tí òfin sì fún ní agbára láti pè é wá jẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ti ń kọ èyí sílẹ̀ ní ìwé láti gbé lọ fún aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹgbẹ́ tó bá sì fẹ́ bá wa fọwọ́ sí i lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ibí yìí.